Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́ àti olùṣèwádìí yunifásítì: èwo ló yẹ kí a kọ́kọ́ mú?

Ọ̀mọ̀wé Titun béèrè pé:

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìmọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín. Láti ìgbà tí mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ni mo ti ń kọ́ni ní yunifásítì, tí mo sì ń ṣe ìwádìí pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò bí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá délẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí nìkan ni mo jókòó kọ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún kíláàsì ńlá, bí a ṣe ń gbé ìdánwò kalẹ̀ tí yóò fi òye akẹ́kọ̀ọ́ hàn dípò ohun tó há sórí, tàbí bí a ṣe ń tọ́ ẹni tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sọ́nà láì gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní báyìí, ìkéde oríṣiríṣi ló kún àpótí íméèlì mi. Ọ̀kan ń polówó ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan lórí ìkọ́ni, tó ní ìwé-ẹ̀rí. Òmíràn ń pe ni síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń tọrọ owó ìwádìí. Òmíràn jẹ́ ti ìṣirò dátà, òmíràn ti ìdarí ènìyàn. Òmíràn sì jẹ́ àǹfààní láti lọ ṣe ìwádìí ní yunifásítì orílẹ̀-èdè mìíràn fún ọdún kan tàbí méjì. Gbogbo wọn ló dùn létí, ṣùgbọ́n àkókò mi kò lè gbà wọ́n tán, olórí ẹ̀ka wa sì ti sọ fún mi pé ohun yòówù tí mo bá fẹ́ lọ kọ́, kò gbọdọ̀ dí iṣẹ́ kíláàsì lọ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an nìyí: báwo ni ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ṣe ń yan èyí tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe? Ṣé ìwé-ẹ̀rí ìkọ́ni wúlò fún ẹni tí ìwádìí jẹ lọ́kàn jù, àbí kí n gbájú mọ́ ìwádìí kí ìkọ́ni máa tẹ̀ lé e? Mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan tí gbogbo wa máa ń lọ wọ̀nyí ń yí nǹkan kan padà ní tòótọ́.

Àgbà Olùkọ́ dáhùn pé:

Ẹ kú ìbéèrè, Ọ̀mọ̀wé. Èrò tèmi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú kíláàsì yín. Kì í ṣe pé ìkọ́ni ṣe pàtàkì ju ìwádìí lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ ti ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí lọ́sẹ̀ láìsí ojú ẹlẹgbẹ́ kankan lára iṣẹ́ yín. Àpilẹ̀kọ ìwádìí yín kò lè jáde nínú jọ́nà gidi kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta má kọ́kọ́ kà á, kí wọ́n sì tọ́ka sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ṣùgbọ́n olùkọ́ lè kọ́ni títí yóò fi fẹ̀yìn tì kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kankan má jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ rí. Àlàfo yìí ni mo gbà pé ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dí, dídí rẹ̀ kò sì ní ná yín lówó.

Bí a ti ń ṣe é ní ẹ̀ka tiwa ni pé olùkọ́ méjì á jọ ṣe àdéhùn láti máa wo kíláàsì ara wọn. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹni tí a fẹ́ wò yóò sọ ohun kan pàtó tó ń dà á láàmú: ó lè jẹ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í dáhùn ìbéèrè, ó lè jẹ́ pé àlàyé rẹ̀ ń yára jù, ó sì lè jẹ́ pé àwọn tó jókòó lẹ́yìn kì í kópa rárá. Ohun yẹn nìkan ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa ṣọ́, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí i, láìfi ìdájọ́ kún un: ìgbà wo ni olùkọ́ béèrè ìbéèrè, báwo ni ó ṣe pẹ́ tó kí òun fúnra rẹ̀ tó dáhùn rẹ̀, àwọn wo ló sọ̀rọ̀, àwọn wo ni kò sọ. Kò sí máàkì, kò sí fọ́ọ̀mù tí a ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀rọ̀ tó tutù, wọn yóò jókòó pa pọ̀, ẹni tó kọ́ni ni yóò sì kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe rí i lójú tirẹ̀. Mo ti ṣàkíyèsí pé ẹni tó wá wòran ló máa ń rí ẹ̀kọ́ kọ́ jù nígbà púpọ̀, nítorí yóò rí ohun tí òun náà ń ṣe tí kò fura sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ìkọ́ni kò jìnnà sí ìwádìí bí àwọn kan ṣe rò. Carl Wieman, onímọ̀ físíìsì tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2001, fi apá ńlá nínú iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà jìn fún títún ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì ṣe ní University of Colorado àti University of British Columbia. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lódindi ni ó dojú kọ, kì í ṣe olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí wọ́n máa fi ẹ̀rí díwọ̀n ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́, bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rí díwọ̀n ohun gbogbo ní yàrá ìwádìí. Ní ọdún 2014, Scott Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde ìwádìí 225 jọ lórí ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò ní yunifásítì. Wọ́n rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ kàn ń sọ̀rọ̀ fún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fi ìlọ́po kan ààbọ̀ wà nínú ewu ìfìdírẹmi ju àwọn tí a fún ní iṣẹ́ ṣe nínú kíláàsì lọ. Ẹni tó bá ń ka ẹ̀rí sí nínú ìwádìí tirẹ̀ kò yẹ kó gbójú fo irú ẹ̀rí báyìí.

Ní ti ìwé-ẹ̀rí, mo gbà pé ó wúlò, ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe kí a tó gbà á ló wúlò ju bébà náà lọ. Ẹ wo ti Advance HE, àjọ tó ń gbé ìkọ́ni ní yunifásítì lárugẹ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn olùkọ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn náà lè tọrọ ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Ìpele mẹ́rin ni ìwé-ẹ̀rí náà ní, láti orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ títí dé orí ẹni tó ń darí ètò ìkọ́ni fún odindi yunifásítì. Ẹni tó bá ń tọrọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tí ó ń ṣe nínú kíláàsì, ìdí tí ó fi yàn án, àti bí ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kẹta yẹn ló le jù, òun náà ló sì dára jù. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìdáhùn rẹ̀ lónìí, kódà bí ẹ kò bá ní fi ránṣẹ́ síbì kankan.

Olùṣèwádìí Alákòókò Díẹ̀ dáhùn pé:

Mo kí Àgbà Olùkọ́ fún àlàyé wọn, mo sì gbà pé kí ẹlẹgbẹ́ wo kíláàsì ẹni dára. Ṣùgbọ́n ibì kan náà kọ́ ni gbogbo wa ti lè bẹ̀rẹ̀. Èmi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àdéhùn tí yóò parí nígbà tí owó iṣẹ́ ìwádìí tí mo wà bá tán, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé. Ẹni tó wà ní irú ipò yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà, nítorí àwọn àǹfààní kan wà tí wọ́n ní gbèdéke, tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. Ètò Marie Skłodowska-Curie ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní ẹ̀bùn owó kan tí àwọn tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé fi ń lọ ṣe ìwádìí ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni tí ìrírí ìwádìí rẹ̀ lẹ́yìn oyè náà kò tíì ju ọdún 8 lọ ni ó wà fún, ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù kí ó jẹ́. Òfin mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà dáadáa: láàárín oṣù 36 tó ṣáájú ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ yóò parí, olùtọrọ kò gbọdọ̀ ti gbé tàbí ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́ lọ fún ju oṣù 12 lọ. Ẹni tó bá lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní orílẹ̀-èdè kan fún ọdún kan ààbọ̀ kí ó tó tọrọ, tó rò pé òun ń múra sílẹ̀, lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ láìmọ̀. Ètò Fulbright ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1946, àti àwọn ẹ̀bùn DAAD àti Alexander von Humboldt ní Jámánì ní òfin tiwọn, òfin wọ̀nyí sì máa ń yàtọ̀ sí ara wọn. Nítorí náà, Ọ̀mọ̀wé, kí ẹ tó yan ẹ̀kọ́ kankan, ẹ kọ déètì tí ẹ gba oyè yín sílẹ̀, kí ẹ sì ṣírò èyí tó ṣì ṣí sílẹ̀ fún yín àti èyí tó ti fẹ́ pa dé. Ẹ̀kọ́ lórí ìkọ́ni yóò ṣì wà ní ọdún márùn-ún òní. Ẹ̀bùn ìwádìí kan lè má sí fún yín mọ́ nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ sọ jẹ́ ti àkókò. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn yunifásítì àti àwọn àjọ tó ń náwó sí ìwádìí fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan lórí ìdàgbàsókè iṣẹ́ àwọn olùṣèwádìí. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2019, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé olùṣèwádìí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ 10, ó kéré tán, lọ́dún láti fi kọ́ ohun tí yóò gbé iṣẹ́ tirẹ̀ lárugẹ. Mo fẹ́ràn ìlànà yìí gidigidi, nítorí ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ojúṣe agbanisíṣẹ́, kò fi í sílẹ̀ bí ojú rere tí ọ̀gá ń ṣe fún ọmọ iṣẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ yín kò bá ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀, ẹ lè fi èyí hàn wọ́n gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwọn mìíràn ti gbà láti ṣe. Inú mi kì í dùn nígbà tí mo bá rí olùṣèwádìí tó ń lo ìsinmi rẹ̀ láti lọ kọ́ ohun tí iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ gan-an nílò.

Olùṣètò Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dáhùn pé:

Iṣẹ́ mi ni láti máa ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ àti olùṣèwádìí, nítorí náà ìbéèrè kẹta Ọ̀mọ̀wé kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ìdáhùn mi ni pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan lè kọ́ ènìyàn ní ohun kan tó ní ààlà, bíi lílo ẹ̀rọ tàbí sọ́fíwíà tuntun, ṣùgbọ́n kì í sábà yí bí a ṣe ń kọ́ni tàbí bí a ṣe ń kọ̀wé padà. Ìwà àti àṣà iṣẹ́ ni àwọn wọ̀nyẹn, wọ́n sì nílò ìpadàbọ̀: kí a gbìyànjú nǹkan kan, kí a padà wá sọ bó ṣe lọ, kí a tún un ṣe. Bí mo bá ní agbára lórí ètò gbogbo yunifásítì, n óò gé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan kù sí ìdajì, n óò sì fi owó rẹ̀ gbé àwùjọ kéékèèké kalẹ̀ tí yóò máa pàdé jálẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ kan. Irú ẹ̀ka bíi tiwa kò kúkú jẹ́ ohun tuntun. Ọdún 1962 ni University of Michigan ti dá ibùdó tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí lórí ìkọ́ni àti ẹ̀kọ́ kíkọ́, a sì ti ní àkókò tó láti mọ ohun tó ń pẹ́ lára ènìyàn àti ohun tó máa ń wọ́gbẹ́.

Ẹ máà jẹ́ kí àwọn àtẹ ńláńlá dẹ́rù bà yín. Ní ọdún 2010, Vitae, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè àwọn olùṣèwádìí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àtẹ kan kalẹ̀ tó pín ìmọ̀, ìwà àti òye iṣẹ́ olùṣèwádìí sí apá mẹ́rin, pẹ̀lú àlàyé 63 lábẹ́ wọn. Àwọn kan máa ń kà á bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi àmì sí. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n mú méjì péré fún ọdún kan, kí méjèèjì sì so mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ti ní lọ́wọ́. Ẹni tó ń kọ ìwé ìbéèrè fún owó ìwádìí lọ́wọ́lọ́wọ́ ni yóò jèrè ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀. Ẹni tí kò ní nǹkan kan nílẹ̀ yóò gbàgbé rẹ̀ kí ó tó délé.

Àwọn ohun ọ̀fẹ́ wà tí àwọn ènìyàn kì í kà sí. Fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ìṣirò dátà àti bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, The Carpentries, tí orísun rẹ̀ jẹ́ Software Carpentry ti ọdún 1998, gbé gbogbo ohun èlò ìkọ́ni wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti lò. Ní kíláàsì wọn, olùkọ́ máa ń tẹ ètò náà lójú gbogbo ènìyàn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì máa tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, àṣìṣe olùkọ́ pàápàá sì wà lára ẹ̀kọ́. Wọ́n tún máa ń dá àwọn olùkọ́ tuntun lẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ mú ìkọ́ni àti ìwádìí pọ̀ lè rí méjèèjì níbẹ̀. Fún àwọn olùṣèwádìí ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ìwádìí kò pọ̀, AuthorAID ti ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí kíkọ àpilẹ̀kọ láti ọdún 2007, ó sì máa ń so olùṣèwádìí pọ̀ mọ́ olùtọ́sọ́nà tó ti nírìírí. Bí ẹ kò bá sì tíì ní ORCID, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá olùṣèwádìí kọ̀ọ̀kan mọ̀, ẹ lọ gbà á; ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í gba àkókò.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Lára ìkéde tó kún àpótí íméèlì yín, àwọn kan kì í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rárá. Wọn yóò pè yín ní olùbánisọ̀rọ̀ pàtàkì níbi àpérò tí kò jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ yín, wọn yóò yìn yín ju bó ti yẹ lọ, lẹ́yìn náà ni wọn yóò béèrè owó. Ẹ wo orúkọ àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà, kí ẹ sì kọ̀wé sí ọ̀kan nínú wọn láti mọ̀ bóyá ó mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ti jọ́nà, ètò Think. Check. Submit., tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, ní àwọn ìbéèrè tí ẹ lè bi ara yín kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́.

Ọ̀mọ̀wé Titun tún béèrè pé:

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ṣírò déètì oyè mi, mo sì rí i pé àkókò ṣì wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀ bí mo ṣe rò. Ohun kan ló kù tó ń kọ mí lóminú. Ní ẹ̀ka wa, bí ẹnikẹ́ni bá wọ kíláàsì rẹ, àyẹ̀wò ìgbéga ni gbogbo ènìyàn máa ń rò pé ó bá wá. Ẹlẹgbẹ́ kan tí mo bá sọ ọ́ kọ̀ jálẹ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ohun tí Àgbà Olùkọ́ sọ yìí níbi tí ìfọkàntán kò sí? Ẹ̀ẹ̀kejì, báwo ni mo ṣe lè bá olórí ẹ̀ka sọ̀rọ̀ nípa àkókò láì dà bí ẹni tó ń sá fún iṣẹ́?

Àgbà Olùkọ́ dáhùn pé:

Ìbẹ̀rù yẹn ní ìdí, n kò sì ní dá ẹlẹgbẹ́ yín lẹ́bi. Wíwo kíláàsì fún ìdàgbàsókè àti wíwo kíláàsì fún ìgbéga kò gbọdọ̀ pàdé rárá. Bí wọ́n bá ti pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, olùkọ́ yóò máa ṣe kíláàsì àṣehàn fún àlejò. Ẹ pe ẹlẹgbẹ́ náà wá wo tiyín ṣáájú, láì béèrè pé kí ó san án padà. Ẹ jẹ́ kí ìwé tí ó bá kọ wà lọ́wọ́ yín nìkan. Bí kò bá sì sí ẹni tó gbà ní ẹ̀ka yín, ẹ wá olùkọ́ láti ẹ̀ka mìíràn. Kò ní mọ kókó ẹ̀kọ́ yín, àǹfààní ni èyí sì jẹ́, nítorí ojú akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò fi wò ó.

Olórí Ẹ̀ka Kan dáhùn pé:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kejì yìí ni mo sì lè dáhùn, nítorí èmi ni àwọn olùkọ́ máa ń wá bá.

Ẹni tó bá wá sọ fún mi pé òun fẹ́ lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ti fi mí sínú ìṣòro, nítorí ètò kíláàsì ti wà nílẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò sì ru ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fún mi ní ìwé ojú ewé kan kí a tó pín iṣẹ́ sáà tó ń bọ̀, tó kọ ohun tó fẹ́ kọ́, wákàtí tí yóò gbà, kíláàsì tí yóò kàn àti bí a ṣe lè dí i, n óò rí nǹkan ṣe sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má béèrè fún àkókò lásán. Ẹ béèrè pé kí a yọ iṣẹ́ ìgbìmọ̀ kan tàbí kíláàsì kan pàtó kúrò lọ́wọ́ yín fún sáà kan. Ìyẹn ni mo lè kọ sínú àtẹ iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè gbà padà lọ́wọ́ yín láàárín sáà. Ẹ sì tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ óò kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní ohun tí ẹ bá kọ́ bọ̀, kí ẹ sì dá ọjọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni níbí, tó sì jẹ́ ti àwa olórí. Olùtọ́sọ́nà máa ń gbani nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ olùkọ́ tún nílò alágbàwí, ìyẹn ẹni tí yóò dárúkọ rẹ̀ nígbà tí òun kò bá sí níjòókòó: nígbà tí a bá ń wá ẹni tí yóò ṣàyẹ̀wò àpilẹ̀kọ fún jọ́nà, nígbà tí a bá ń kó ikọ̀ ìwádìí jọ, nígbà tí àpérò bá ń wá olùbánisọ̀rọ̀. Bí jọ́nà kan bá fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí mi fún àyẹ̀wò, mo máa ń béèrè lọ́wọ́ olóòtú bóyá ọ̀dọ́ olùkọ́ kan lè bá mi ṣe é, kí orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ olóòtú máa ń gbà. Ọ̀mọ̀wé, ẹ wo àwọn àgbà tó yí yín ká, kí ẹ sì béèrè èyí ní pàtó lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó rọrùn fún àgbà láti ṣe, ẹ̀yin náà yóò sì rí bí àwọn tó ń dá iṣẹ́ yín padà ṣe ń ronú.